Ọ̀gẹ̀dẹ̀ Sísun Létí Ààlà

Yunifásítì méjì ló pawọ́ pọ̀ láti fún mi ní oyè kan ṣoṣo, ẹsẹ̀ mi ló sì ń so wọ́n pọ̀. Èyí tó ń kọ́ wa lófin wà nísàlẹ̀ létí odò, ilé bíríkì tó ti gbó, tí àtẹ̀gùn rẹ̀ ń dún bí èèyàn bá ti tẹ̀ ẹ́. Èyí tó ń kọ́ wa ní ìṣòwò wà lórí òkè, dígí ni wọ́n fi bo gbogbo ara rẹ̀. Aago mẹ́wàá ni ẹ̀kọ́ ìsàlẹ̀ ń parí. Aago mẹ́wàá náà ni ti òkè ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ṣètò rẹ̀ kò fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ gun òkè yẹn rí, mo lè búra.

Bí mo bá wọlé lókè tòun ti òógùn lójú, àwọn tibẹ̀ á ní, "Ọmọ olófin ti dé." Bí mo bá sáré padà sísàlẹ̀, àwọn ọmọ olófin á ní kí n wá bá wọn ṣírò, ṣebí èmi ni oníṣòwò. Ọdún mẹ́ta gbáko ni mo fi jẹ́ àlejò níbi méjèèjì. Ó máa ń bí mi nínú. Ní Odígbó, ìlú mi, bí wọ́n bá bi ọ́ pé ọmọ ta ni ọ́, o ní ìdáhùn, ọ̀rọ̀ sì parí.

Òfin ìṣòwò ni mo lọ kọ́. Ìpínlẹ̀ Oǹdó ṣẹ̀ṣẹ̀ dáyé nígbà náà, owó epo rọ̀bì ń wọlé, ìjọba sì ń rán ọmọ lọ sókè òkun bí ẹni ń rán ọmọ lọ sódò. Ní oríta Ọ̀rẹ̀, ọkọ̀ agbégi ti gba ojú ọ̀nà, ilé tuntun ń yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì bí olú. Bàbá mi, tí kò ní iṣẹ́ mìíràn ju oko kòkó àti ọ̀pẹ lọ, pè mí jókòó kí n tó lọ.

"Kòkó wa ń lọ sọ́dọ̀ àwọn èèyàn wọ̀nyẹn láti ayé bàbá mi," ló wí. "Wọ́n mọ̀ wá, àwa ò mọ̀ wọ́n. Lọ kọ́ òfin tí wọ́n fi ń ra ọjà, kí o wá sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ fún mi."

Èdè Ìkálẹ̀ ló fi sọ ọ́, ó sì dùn ju báyìí lọ. Yorùbá tí gbogbo wa jọ ń gbọ́ ni mo fi ń kọ ọ́ síbí.

Ọjọ́ tí mo dé yàrá tí mo gbà, mo kúnlẹ̀ kí onílé mi, obìnrin tó dàgbà ju ìyá mi lọ. Ó rò pé nǹkan já bọ́ lọ́wọ́ mi. Òun náà bẹ̀rẹ̀, ó ń fọwọ́ wá a kiri lórí kápẹ́ẹ̀tì. Àwa méjèèjì wà nílẹ̀ níbẹ̀, mi ò sì mọ bí n ó ṣe ṣàlàyé. Ni mo bá purọ́, mo ní bọ́tìnnì ni. Ó bá mi wá bọ́tìnnì náà títí ẹ̀yìn fi ń ro ó. Fún ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ìyẹn, bí ó bá rí mi, á ní, "Ṣé o ti rí bọ́tìnnì rẹ?" Mo pinnu pé mi ò ní í kúnlẹ̀ fún ẹnikẹ́ni mọ́ nílùú yẹn. Ó dùn mí ju bí mo ṣe rò lọ.

Ní ibùdókọ̀, mo kí àwọn tí mo bá níbẹ̀. Ọkùnrin kan bojú wẹ̀yìn, bóyá ẹlòmíràn ni mò ń kí. Olùkọ́ wa nínú òfin, màmá àgbàlagbà tó ń wọ awò ojú, ní kí a máa fi orúkọ àbísọ òun pe òun, Májórì. Májórì bí ọmọ ìyá mi. Mi ò lè ṣe é. Odindi ọdún kan ni mi ò fi pè é ní nǹkan kan. Bí mo bá fẹ́ béèrè ọ̀rọ̀, n ó kàn lọ dúró níwájú rẹ̀ títí yóò fi gbójú sókè. Mo gbọ́ pé ó sọ fún àwọn yòókù pé ojú ń tì mí. Ojú ò tì mí rí láyé mi. Ẹ bi àwọn ará Odígbó léèrè.

Lówùúrọ̀, kí ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀, mo máa ń gbá ilẹ̀ ilé òfin fún owó díẹ̀, èmi àti obìnrin ìlú náà kan tó ń jẹ́ Dóòrì. N ó gbá yàrá, n ó nu pátákó, n ó lọ pààrọ̀ aṣọ, n ó wá padà wá jókòó sínú yàrá tí mo gbá. Májórì á kọjá lára mi nígbà tí ìgbálẹ̀ wà lọ́wọ́ mi, kò ní í dá mi mọ̀. Lẹ́yìn wákàtí kan á pè mí lórúkọ nínú kíláàsì, á ní kí n dáhùn ìbéèrè. Èmi kan náà ni. Mo ti nu orúkọ ara mi kúrò lórí pátákó yẹn lẹ́ẹ̀kan rí, níbi tó kọ ọ́ sí lọ́jọ́ tó ṣáájú pé mo dáhùn dáadáa.

Dóòrì ló kọ́kọ́ bi mí. "Kí ló ń lé ọ?" ló wí. "O kì í jókòó. Tíì tí mo bù fún ọ, orí ìdúró lo ti ń mu ún."

Mo ní kò sí ohun tó ń lé mi. Irọ́ ni. Ara mi kì í balẹ̀. Bí mo bá wà nísàlẹ̀, ọkàn mi á wà lókè. Bí mo bá wà lókè, á wà ní Odígbó. Bí lẹ́tà bá sì dé láti Odígbó, n ó kà á tán lórí ìrìn. Ọjọ́ Ìsinmi ló burú jù. Kò sí ilé kankan láti sáré lọ. N ó rìn lọ sétí odò, n ó rìn bọ̀. Níbi tí mo bá ti ń rìn bẹ́ẹ̀, adùn kan á ṣàdédé wá sí mi lẹ́nu: ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà sísun, tó jó díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, pẹ̀lú epo pupa àti iyọ̀, tí mo jẹ létí omi kan nígbà tí mo kéré. Ẹnìkan bó o fún mi, ó ń fẹ́ ẹ kí ó má jó mi lẹ́nu. Ìyẹn nìkan ni mo máa ń rántí. Mi ò mọ ìdí tó fi jẹ́ òun ni yóò wá, nígbà tí mo ti jẹ ọ̀pọ̀ ọ̀gẹ̀dẹ̀ láyé mi.

Alàgbà kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ló ni ilé ìlagi ní Ọ̀rẹ̀, tẹlifóònù sì wà ní ọ́fíìsì rẹ̀. Bí mo bá fẹ́ bá bàbá mi sọ̀rọ̀, n ó kọ lẹ́tà ṣáájú, n ó dá Sátidé kan, bàbá mi á sì wọkọ̀ láti Odígbó wá jókòó ti tẹlifóònù náà láti òwúrọ̀. Ọ̀dọ̀ onílé mi, nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, ni èmi ti máa ń pè. Ayùn ńlá ilé ìlagi kì í dákẹ́. Àárín ariwo rẹ̀ ni bàbá mi ti máa ń pariwo.

"Ṣé ò ń jẹun?"

"Mò ń jẹun, Bàbá. Ẹ kú iṣẹ́. Ṣé ara yín le?"

"A dúpẹ́. Ṣé òtútù ò pọ̀?"

"Ó mọ níwọ̀n, Bàbá. Màmá ńkọ́? Àwọn ará ilé ńkọ́? Bàbá Ẹdẹ ńkọ́?"

"Gbogbo wọn wà. Wọ́n ní kí n kí ọ. Ṣé ò ń jẹun?"

Ìkíni ló máa ń jẹ àkókò wa tán. A kì í kúrò níbẹ̀ tí ìlà fi ń já. Ohun tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ gidi, inú lẹ́tà ló ń wà, Tísà ló sì ń bá bàbá mi kọ ọ́. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni Tísà, ìjọba ló gbé e wá sí ilé ẹ̀kọ́ Odígbó, ó sì gba yàrá kan nílé wa. Yorùbá tirẹ̀ dán mọ́rán. Bàbá mi á sọ ọ́ ní Ìkálẹ̀, Tísà á kọ ọ́ bí ẹni ń wàásù, n ó wá jókòó ní ìlú òyìnbó máa wá ohùn bàbá mi lábẹ́ rẹ̀.

Bàbá Ẹdẹ tí mo béèrè yẹn, ọmọ Ẹdẹ ni lóòótọ́. Ó wá wá ilẹ̀ tí yóò gbin kòkó sí nígbà tí mo ṣì kéré, bàbá mi sì fún un ní apá kan nínú oko wa ní Omífunfun. Àwọn méjèèjì wá di ọ̀rẹ́. Lọ́dọọdún, bí kòkó bá ti kọ́kọ́ pọ́n, Bàbá Ẹdẹ á ru ìṣákọ́lẹ̀ rẹ̀ wá: èso kòkó àkọ́ká, iṣu, kèǹgbè epo kan. Ohun tí ẹni tó ń dáko lórí ilẹ̀ ẹlòmíràn fi ń sọ pé òun mọ onílẹ̀ nìyẹn. Bàbá mi á gbà á, wọn á jọ jẹun nínú abọ́ kan. Bí Iléyá bá dé, ẹran ń wá sílé wa. Bí Kérésì bá dé, ìrẹsì ń lọ sílé rẹ̀. Wọn ò tẹ ìwé kankan.

Ibẹ̀ ni mo ti gbé ọgbọ́n òyìnbó mi dé.

Ní ọdún kejì, Májórì kọ́ wa nípa àdéhùn. Ó dúró níwájú wa, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ní àdéhùn lórí ilẹ̀ tí a kò kọ sínú ìwé, afẹ́fẹ́ lásán ni. Ẹnu yà mí. Mo ro gbogbo ilẹ̀ tí mo mọ̀ láti Ọ̀rẹ̀ títí dé Àràròmí-Obù, pé afẹ́fẹ́ lásán ni gbogbo rẹ̀. Mo kọ àròkọ kan lórí ọ̀rọ̀ náà, mo fi ìbẹ̀rù kọ ọ́. Èmi ni mo gba máàkì tó ga jù lọ, nínú àwọn tòkè àti tìsàlẹ̀. Àwọn ọmọ olófin kò pè mí ní oníṣòwò lọ́jọ́ náà. Mo rìn gun òkè láìsáré, mo pẹ́, n kò sì bẹ ẹnikẹ́ni.

Kò pẹ́ ni lẹ́tà dé. Bàbá mi ní àwọn kan ń fi ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tó dára wá sí Omífunfun, wọ́n ń wo ilẹ̀, wọ́n ń béèrè ta ló ni ibí, ta ló ni ọ̀hún. Ó sọ ọ́ bí ìròyìn lásán, láàárín ọ̀rọ̀ òjò àti ti ìyá mi. Ẹ̀rù bà mí. Mo rí i lójú ọkàn mi pé ẹnìkan nínú ọkọ̀ yẹn yóò bi Bàbá Ẹdẹ léèrè, Bàbá Ẹdẹ yóò sì ní ilẹ̀ òun ni, kò sì ní í sí ìwé kankan tí bàbá mi yóò gbé síta. Ẹ ṣàkíyèsí pé Bàbá Ẹdẹ ò ṣe nǹkan kan. Èmi ni mo kọ́kọ́ fi ọkàn olè wò ó.

Mo lọ jókòó ti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan nílé dígí lókè. Mo tẹ àdéhùn náà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ojú ewé kan gbáko: pé ilẹ̀ yìí, ti bàbá mi ni, pé ẹni yìí ń dáko lórí rẹ̀ ni, kì í ṣe tirẹ̀. Mo fi àyè sílẹ̀ nísàlẹ̀ fún àtàǹpàkò Bàbá Ẹdẹ àti fún orúkọ ẹlẹ́rìí méjì. Mo kọ lẹ́tà tì í, mo ní kí bàbá mi má fi falẹ̀. Inú mi dùn. Ohun tí ó rán mi wá kọ́ nìyẹn, àbí? Mo ti ń jíṣẹ́ rẹ̀ kí n tó padà.

Ọ̀sẹ̀ gorí ọ̀sẹ̀, èsì ò dé. Nígbà tí mo pe ilé ìlagi ní Sátidé tí a dá, akọ̀wé wọn ni mo bá. Ó ní bàbá mi ò wá. Kò tíì ṣẹlẹ̀ rí. Mo gun òkè, mo sọ̀ kalẹ̀, mo gbá ilẹ̀ yàrá kan lẹ́ẹ̀mejì láìmọ̀. Dóòrì gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ mi.

Lẹ́tà tó wá dé níkẹyìn, ti Tísà fúnra rẹ̀ ni. Ó ní bàbá mi ò mọ̀ pé òun ń kọ ọ́.

Ó ní lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Ìsinmi kan ni bàbá mi pe Bàbá Ẹdẹ wá sílé, ó tẹ́ ìwé mi sórí tábìlì, pẹ̀lú tàdáwà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Tísà ló túmọ̀ ìwé náà. Bàbá Ẹdẹ gbọ́ ọ títí dópin. Ó béèrè ta ló fi ránṣẹ́. Bàbá mi dárúkọ mi. Bàbá Ẹdẹ wá dìde, ó wọ bàtà rẹ̀, ó ní kí wọ́n kú ìsinmi, ó sì lọ.

"Láti ọjọ́ náà," Tísà kọ, "kò yà sílé wa mọ́. Kòkó ti pọ́n, kò ru nǹkan kan wá. Wọ́n ní ó ti ń di ẹrù rẹ̀, pé Ẹdẹ ló ń padà sí, pé yóò fi gbogbo igi kòkó tó gbìn sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bàbá yín kì í jẹun tán mọ́. Mo bi wọ́n léèrè pé kí ló burú nínú ìwé. Wọ́n ní ẹ̀rí ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Èmi ọmọ Ọ̀yọ́ ni, mi ò mọ ẹ̀rí tí wọ́n ń sọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá nǹkan ṣe sí i."

Mo ka lẹ́tà náà lórí àtẹ̀gùn tó ń dún yẹn, mo sì jókòó síbẹ̀. Bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Mo ti gbọ́ òwe yìí láti kékeré, n kò mọ̀ pé èmi ni wọ́n ń pa á dè. Ohun tó bà mí lẹ́rù jù ni pé, bí Bàbá Ẹdẹ bá lọ tán, bàbá mi ò ní í bá mi wí. Á máa béèrè bóyá mò ń jẹun ni.

Mo kọ̀wé sí Tísà, mo dá Sátidé kan. Mo ní kí ó bẹ àwọn méjèèjì wá sí ilé ìlagi, kí ó sọ fún Bàbá Ẹdẹ pé tí kò bá wá nítorí bàbá mi, kí ó wá nítorí èmi, kí ó lè bú mi létí ara mi.

Ọjọ́ náà, ìlà wọlé. Nǹkan kan yàtọ̀, mi ò kọ́kọ́ mọ ohun tó jẹ́. Ó ṣe díẹ̀ kí n tó mọ̀ pé ayùn ti dákẹ́. Alàgbà ti ní kí wọ́n pa á. Fún ìgbà àkọ́kọ́, mo gbọ́ bí bàbá mi ṣe ń mí.

"Ó wà níbí," ni bàbá mi wí. Kò béèrè oúnjẹ. Ó gbé e fún un.

"Ta ni ń sọ̀rọ̀?" Ohùn Bàbá Ẹdẹ ti gbó ju bí mo ṣe fi í sílẹ̀ lọ.

Mi ò mọ ìgbà tí mo kúnlẹ̀. Nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ onílé mi, tòun ti tẹlifóònù létí, mo ti wà nílẹ̀. "Èmi ni, Bàbá. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Èmi ni mo ṣe é. Bàbá mi ò ní in lọ́kàn."

"Mi ò bínú," ló wí. "Mo kàn fẹ́ mọ̀ ni. Nígbà tí bàbá rẹ gbé ìwé yẹn síwájú mi, mo wò ó, mo ní, ọmọ yẹn ńkọ́? Ṣé nǹkan ti ṣe é ni? Ó ní rárá, pé ìwọ gan-an lo ní kí a tẹ̀ ẹ́. Ó wá burú sí i. Bí ẹni tí a fi ṣe ẹ̀rí bá ní kí a lọ wá ẹ̀rí mìíràn, òun alára ti yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ nìyẹn. Mo ní, ó dáa, ọmọ yìí ò wálé mọ́. Kí ni èmi àgbàlagbà ń ṣe lórí ilẹ̀ tí kò ní ẹlẹ́rìí?"

"Ẹ̀rí wo, Bàbá?"

Mo gbọ́ tó sọ fún bàbá mi pé, "Kò mọ̀." Bàbá mi dá a lóhùn wẹ́rẹ́, mo sì gbọ́ gbogbo rẹ̀ nítorí ayùn ò lọ. Ó ní, "Mo ti mọ̀ pé ó gbàgbé. Kò mẹ́nu kan ẹ̀rí náà nínú lẹ́tà. Torí pé mi ò fẹ́ kí ojú tì í ni mo ṣe gbé ìwé náà wá."

Bàbá Ẹdẹ padà sórí ìlà. Ó sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń bá ọmọdé sọ̀rọ̀. "Ọjọ́ tí a pín ilẹ̀ yẹn, èmi àti bàbá rẹ, a ò mú àgbà kankan dání. Àgbà á kú. Ọmọdé ni wọ́n máa ń mú lọ, kí ó lè pẹ́ lórí ọ̀rọ̀ náà. Ìwọ la mú. A gbin pèrègún sí ààlà, ìwọ lo da erùpẹ̀ bò ó. A mú ọ rìn yí i ká, a ní kí o máa pe orúkọ ààlà náà bí a ṣe ń kọjá. A wá fún ọ lóúnjẹ níbẹ̀, torí ọmọ kì í gbàgbé ibi tó ti jẹun. Ìwọ ni ìwé náà. Kí la tún fẹ́ fi òmíràn ṣe?"

Mo di okùn tẹlifóònù mú.

"Ó dáa, pè é fún mi," ló wí. "Bí o bá rántí."

Mo di ojú mi. Lórí ìkúnlẹ̀ náà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í rìn ín lọ́kàn. N kò rò pé ó wà nínú mi, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mi mọ̀ ọ́n. Ẹsẹ̀ tí kì í gbé ibì kan yìí, ó ti kọ́ ìrìn kan ṣáájú ti òkè àti ìsàlẹ̀. Mo fi Ìkálẹ̀ pè é, bí wọ́n ṣe kọ́ mi. "Láti ìdí pèrègún etí omi. Ó gba ẹ̀gbẹ́ àpáta tí ẹ ti ń pọ́n àdá. Ó dé ìdí ìrókò."

"Wọ́n ti gé ìrókò yẹn," ni Bàbá Ẹdẹ wí. "Ilé ìlagi tí mo dúró sí yìí ni wọ́n gbé e wá. Tẹ̀ síwájú."

"Láti ìdí ìrókò, ó bọ́ sí ojú ọ̀nà ẹsẹ̀ tó lọ sí Àràròmí-Obù. Ó tẹ̀lé e títí tó fi tún kan omi. Apá ọ̀tún, ti Bàbá mi. Apá òsì, tiyín."

Ìlà náà ń hó díẹ̀díẹ̀. Mo rò pé ó ti já.

"Kí lo jẹ níbẹ̀?"

"Ọ̀gẹ̀dẹ̀," mo wí, ẹkún sì gbọ̀n mí. "Ọ̀gẹ̀dẹ̀ sísun. Epo àti iyọ̀ ló wà lára rẹ̀. Ẹ̀yin lẹ bó o fún mi, Bàbá. Ẹ ń fẹ́ ẹ kí ó má jó mi lẹ́nu."

Mo gbọ́ tí Bàbá Ẹdẹ kọjú sí bàbá mi. Ó ní, "Ó wà láàyè." Ó tún un wí. Ohùn rẹ̀ ti yàtọ̀. Bàbá mi wí nǹkan kan tí mi ò gbọ́, àwọn arúgbó méjèèjì wá ń rẹ́rìn-ín, alàgbà ní kí wọ́n tan ayùn padà, ariwo sì bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Nígbà tí mo lajú, onílé mi dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná rẹ̀, ó ń wò mí nílẹ̀ níbi tí mo kúnlẹ̀ sí. "Ṣé bọ́tìnnì yẹn náà ni?" ló wí.

"Rárá, mà," mo wí. "Mo ti rí i."

Mo jókòó nínú ìdánwò ìkẹyìn, wọ́n béèrè ọ̀rọ̀ àdéhùn tí a kò kọ sílẹ̀. Mo kọ ohun tí wọ́n fẹ́. Mo yege. Kí n tó gba oyè náà, pásẹ̀lì kan dé láti Odígbó, ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n là tí wọ́n sá gbẹ, láti oko Bàbá Ẹdẹ. Ìwé tí wọ́n fi wé e, mo mọ̀ ọ́n. Àdéhùn tí mo tẹ̀ ni. Mo tẹ́ ẹ sórí tábìlì, mo wo ìsàlẹ̀ rẹ̀ níbi tí mo fi àyè sílẹ̀ sí. Kò sí àtàǹpàkò ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Epo nìkan ló wà lára rẹ̀.

Ó ti pẹ́. Iṣẹ́ fà mí mọ́ra lọ́hùn-ún, ọmọ fà mí mọ́ra, mo ń lọ sílé mo sì ń padà. Bàbá mi ti sùn, Bàbá Ẹdẹ náà ti sùn, ní Odígbó ni wọ́n sin ín sí, kò padà sí Ẹdẹ. Àwọn ọmọ wọn ló ń dá oko náà báyìí, wọ́n sì ń pè mí nígbàkúùgbà tí ọ̀rọ̀ ààlà bá dé. Lọ́dọọdún ni mo ń sọ pé n ó mú ọmọ kan nínú wọn lọ sí Omífunfun, kí n rìn ín yí i ká, kí n bó ọ̀gẹ̀dẹ̀ fún un. Lọ́dọọdún ni nǹkan kan ń dá mi dúró.

Ìdí nìyẹn tí ara mi ò fi í balẹ̀ títí di òní. Àwọn ọmọ mi máa ń fi mí rẹ́rìn-ín lójú títì. Wọ́n ní mo ń bẹ̀rù ọkọ̀ jù. Wọn ò mọ̀ pé ìwé àwọn ẹlòmíràn ni mí, ìwé tí kò ní ẹ̀dà. Bí mo bá fẹ́ sọdá, mo máa ń wo ọ̀tún, mo máa ń wo òsì, mo tún máa ń wo ọ̀tún.